Àmín Tó Pẹ́ Dé

Ọsàn ni mo sá fún ní Fìdítì, ọsàn náà ni mo tún wá bá lẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi ní oko ọsàn lọ́nà Ìmínì. Èmi àti Sùlíyá àbúrò mi ru ọsàn láti kékeré títí ọrùn wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú. Nígbà tí mo ń kúrò nílé, mo ní ó parí, pé bí n óò bá tún fọwọ́ kan ọsàn láyé, èyí tí n óò mu ni. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí níhìn-ín, inú ilé ìkẹ́rùsí kan tó tutù bí inú fìríìjì ni. À ń ṣa ọsàn sínú àpò aláwọ̀n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọsàn wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, gbogbo rẹ̀ tóbi bákan náà, wọ́n sì lẹ bébà kékeré kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára. Mo bi obìnrin tí a jọ ń dúró ti ẹ̀rọ léèrè pé kí ni bébà yẹn wà fún. Ó ní kí àwọn tó ń rà á lè mọ ìlú tó ti wá ni. Mo rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tí mo ń rín. Ọsàn ti rí ìwé ìlú gbà, tèmi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba.

Ìwé yẹn ló dè mí mọ́lẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbé ìlú wọn. Wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dáhùn, n kò lè wọlé mọ́. Èyí kò yé àwọn ará ilé. Lójú tiwọn, ẹni tó wà lókè òkun tí kò wálé wá wo bàbá rẹ̀, kò fẹ́ wá ni. Mo ti ṣàlàyé títí ó fi sú mi, nígbà tí ó yá mo kàn ń sọ pé mo ń bọ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, mo kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kọjá. Mo tẹ orúnkún díẹ̀ fún ọkùnrin tó dàgbà jù láàrin wọn. Ó rò pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi ni, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá a. N kò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ náà. Adìẹ tó dé ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ló ń fi dúró, ṣùgbọ́n èmi kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ títí di òní. Èèyàn lè ṣiṣẹ́ níhìn-ín láti Mọ́ńdè títí di Tọ́sìdeè kí ẹnì kan má pe orúkọ rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni mo máa ń di ènìyàn. Ọjọ́ náà ni ìsinmi mi. Bí Bàbá bá ti kírun Jímọ̀ tán, wọn á padà sílé, wọn á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sùlíyá á sì fi fóònù rẹ̀ pè mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A ó kíra, wọn á béèrè iṣẹ́, wọn á béèrè ara, lẹ́yìn náà wọn á tẹ́wọ́, wọn á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà Bàbá ní bí wọ́n ṣe ń gbà á. Wọn á sọ ẹyọ kan, wọn á dúró, ìwọ á ṣe Àmín, kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn. Bí Àmín rẹ bá falẹ̀, wọn á wò ọ́. Nílé wa, ẹni tí a ń ṣàdúrà fún tí kò ṣe Àmín, àfi bí ẹni tí a gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ tó ń wo abọ́ láìfọwọ́ kàn án. Àdúrà ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo fi ń ti ọ̀sẹ̀ náà lẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wá bó ṣe wù ú. Bàbá á sọ̀rọ̀, apá kan á dé ọ̀dọ̀ mi, apá kejì á sọnù sọ́nà. Ohun tí èmi náà bá sọ, ó máa ń pẹ́ kí ó tó débẹ̀. Bàbá á rò pé n kò dáhùn, wọn á tún ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ìdáhùn mi àkọ́kọ́ á wá já lé wọn lórí. Wọn á dákẹ́ fún mi, èmi náà á dákẹ́ fún wọn, a ó tún jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àwọn lẹ́nu. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì ní ẹnu.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń gbé, nínú ilé Ẹ̀gbọ́n Wásíù. Ọmọ Jobele ni wọ́n. Wọ́n ti pẹ́ níhìn-ín débi pé àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ Yorùbá, wọn kì í sì í wá sílé náà àfi nígbà ọdún Kérésì. Ẹ̀gbọ́n Wásíù nìkan ló ń gbé òkè. Nẹ́tíwọ̀kì fóònù kì í wọ yàrá mi, íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ni mò ń lò, èyí tó ń ti inú àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ráútà jáde. Yàrá Ẹ̀gbọ́n Wásíù ni ráútà náà wà, atẹ́gùn ló sì máa ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi láìsí wáyà. Mo gòkè lọ bá wọn pé fóònù mi ń já.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, nẹ́tíwọ̀kì ìlú yìí kì í bàjẹ́. Bí o bá ti gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́, ilé ló ti ń wá. Ṣé o ti gbàgbé ibi tí a ti wá ni?"

Mo gbà wọ́n gbọ́. Ta ni kò ní gbà? Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ohunkóhun tó bá bàjẹ́, ọwọ́ wa ló ti bàjẹ́. Iná kò sí, àwa ni. Ọ̀nà kò dára, àwa ni. Mo tilẹ̀ jáde lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan láti fi nẹ́tíwọ̀kì fóònù pè wọ́n, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọnú fóònù, n kò gbọ́ Bàbá, Bàbá kò gbọ́ mi. Mo padà sílé, mo ní òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Wásíù sọ.

Mo wá gbájú mọ́ ilé. Mo ra fóònù tuntun ránṣẹ́ sí Sùlíyá, kò yàtọ̀. Mo ní kó pààrọ̀ síìmù, ó pààrọ̀ síìmù, kò yàtọ̀. Mo ní páànù orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń fa ìjọ̀ngbọ̀n, kó gbé àga Bàbá lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá jókòó sábẹ́ máńgòrò, eèrà gun wọn lẹ́sẹ̀, fóònù ṣì ń já. Mo bú Sùlíyá pé kò mọ fóònù lò. Ọmọ tó kàwé gboyè, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn nítorí iṣẹ́, èmi ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di fóònù mú.

Ìgbà tí ó yá, mo gbọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ri òpó nẹ́tíwọ̀kì tuntun kan mọ́lẹ̀ ní Ìlọrà, tòsí ilé Bàbá Lámídì. Ọ̀rẹ́ Bàbá mi ni Bàbá Lámídì láti ilé kéú. Mo ní kí Sùlíyá gbé Bàbá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní orúnkún ń dùn wọ́n, pé wọn kì í fẹ́ gun ọ̀kadà mọ́. Mo ní kí wọ́n rọ́jú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nítorí mi, bàbá mi gun ọ̀kadà láti Fìdítì dé Ìlọrà, wọ́n kírun níbẹ̀, wọ́n sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn àgbà mélòó kan tí wọ́n jọ ti mọ́ṣáláṣí dé jókòó tì wọ́n kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ọmọ òkè òkun. Wọ́n ní kí Sùlíyá fi fóònù sí sípíkà.

Ó kọ́kọ́ dára. Mo kí gbogbo wọn, gbogbo wọn súre. Bàbá tẹ́wọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n ṣìnà níbi tí mo wà, mo ṣe Àmín. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ mi á ní àlùbáríkà, mo ṣe Àmín. Ìgbà tó di ẹ̀kẹta, ohùn wọn já lọ́dọ̀ mi, n kò gbọ́ ìparí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àdúrà ni, mo sì ṣe Àmín sí i tagbáratagbára, bí a ṣe ń ṣe nígbà tí àdúrà bá wọni lára. Ohùn mi kò débẹ̀ lásìkò. Bàbá dúró, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn náà dúró. Sùlíyá ló ròyìn ìyókù fún mi, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ni mo ń gbọ́ ní tèmi. Ó ní Bàbá sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n sì sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ó dà bí ẹni pé mo máa kú kí ọmọ yìí tó fojú kàn mí."

Ìgbà náà ni Àmín mi dé. Gbogbo rẹ̀ dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dún ketekete jáde nínú sípíkà níwájú àwọn àgbà náà: "Àmín! Àmín láṣẹ Ọlọ́run!"

Sùlíyá ní Bàbá Lámídì ní, "Astagafurulai." Bàbá mi ní kí wọ́n bá àwọn wá ọ̀kadà.

Mo rò pé ohun tó rọrùn láti ṣàlàyé ni. Ṣùgbọ́n nílé, nẹ́tíwọ̀kì ni gbogbo ayé fi ń parọ́. Ọkọ tó wà níbi tí kò yẹ, nẹ́tíwọ̀kì ni. Ọ̀rẹ́ tí kò fẹ́ gbé fóònù, nẹ́tíwọ̀kì ni. Nígbà tí Sùlíyá wá sọ fún Bàbá pé nẹ́tíwọ̀kì ló gbé Àmín mi pamọ́ tó fi wá gbé e jáde níbi tí kò yẹ, ó ní wọ́n kàn wo òun bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò dára. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi mọ ibi tí mo gbé ẹyin tèmi sí, ẹlòmíràn ló gbé e lọ jù sílẹ̀.

Mo bẹ Bàbá Lámídì pé kí wọ́n bá mi lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n lọ. Wọ́n padà wá jíṣẹ́ pé Bàbá ní, "Mi ò bínú. Ọmọ mi ni." Ẹni tó bá mọ bàbá mi mọ̀ pé ìbínú wọn sàn ju "mi ò bínú" lọ. Bí wọ́n bá bínú, wọn á pariwo, wọn á nà ọ́ nígbà tó o wà ní kékeré, wọn á sì ra àkàrà fún ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n bá ní àwọn kò bínú, wọ́n ti gbé ọ kúrò lọ́kàn ni. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò wọn kan nígbà kan rí, n kò rí ọkùnrin náà nílé wa mọ́ títí mo fi kúrò.

Mo gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ kí Sùlíyá gbé e sí wọn létí. Bàbá ní àwọn kì í fetí sí ohun tí àwọn kò lè dá lóhùn. Sùlíyá wá gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, "Ẹ kúnlẹ̀ fún wọn, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú rí i." Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀bẹ̀ ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. A ṣètò pé kí n pè wọ́n pẹ̀lú fídíò. Mo ró ìró, mo borí, mo gbé fóònù ti ògiri, mo sì wò ó títí ojú Bàbá fi yọ. Mo tún ìró mi so níbàdí kó má tú, mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo dojú bolẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n bí mo ṣe máa ń bẹ̀ wọ́n ní kékeré. Mo pe oríkì wọn. Mo sunkún sí i, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n rí i.

Wọn kò rí i. Àwòrán ti gan kí n tó kúnlẹ̀. Sùlíyá ní ohùn mi ń dé díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń já, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń wò nínú fóònù, èmi ni mo dúró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí, mo ń wo bàbá mi níṣojú. Bàbá wò ó dé ìparí. Wọ́n ní, "Bí àwọn òyìnbó ṣe kọ́ ọ láti máa bẹ bàbá nìyẹn." Wọ́n dìde. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè lọ́jọ́ Jímọ̀, Sùlíyá á ní wọ́n lọ sóko, tàbí wọ́n ń kírun, tàbí àlejò wà lọ́dọ̀ wọn.

Inú bí mi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Obìnrin tí a jọ ń ṣa ọsàn sọ fún mi ní àkókò oúnjẹ pé òpópónà kejì sí tòun ni bàbá òun ń gbé, òun kò sì tíì yà síbẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí pé ọ̀rọ̀ bàbá náà ti pọ̀ jù. Ó ń sọ ọ́, ó ń jẹ bisikíìtì. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì kórìíra ara mi pé mo kórìíra rẹ̀. Àwọn tó ní bàbá nítòsí kò fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, èmi tó fẹ́, n kò rí ohùn náà gbọ́. Ìlú yìí kò gbà mí, ilé náà ti ń tì mí síta, kò sì sí ẹni tí mo lè di ẹjọ́ rẹ̀ rù àfi ohun kan tí a kò lè fojú rí tó ń jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì. Mo ní bó bá jẹ́ òun ni, n óò wá a rí.

Mo pe ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé wa. Wọ́n ní orúkọ mi kọ́ ló wà lórí rẹ̀, àwọn kò lè bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn ti mọ́ mi lára níhìn-ín. Mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra mi. Kò le tó bí mo ṣe rò. Gbogbo ohun tí a bá sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á rán ègé kọ̀ọ̀kan lọ. Ègé tó bá pẹ́ lọ́nà ló ń mú kí ohùn pẹ́. Ègé tó bá sọnù ló ń mú kí ọ̀rọ̀ já. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ibi tó ti ń sọnù, á máa rán ìránṣẹ́ kékeré kan láti inú kọ̀ǹpútà. Píǹgì ni wọ́n ń pè é. Á lọ kan ilẹ̀kùn ibi tó o bá rán an, á padà wá, á sọ bó ṣe pẹ́ tó lọ́nà. O lè rán an sọ́nà jíjìn, o lè rán an sítòsí, títí wàá fi mọ ibi tí ọ̀nà ti gé. Wọ́n ní ìtòsí ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, nítorí ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó jẹ́.

Mo rán an sí Èkó. Òmíràn padà, òmíràn kò padà. Mo ní ṣé ẹ rí i, ṣé mo purọ́? Mo rán an sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò ju ìrìn ọkọ̀ ojú irin lọ sí wa. Òmíràn padà, òmíràn kò padà. Ara mi tutù díẹ̀. Mo wá rán an sí ráútà tó wà nínú ilé, lókè orí mi níbẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí mo bá sín, Ẹ̀gbọ́n Wásíù á gbọ́. Kò yẹ kí ìránṣẹ́ pẹ́ níbẹ̀ rárá, kò sì yẹ kí ẹyọ kan ṣoṣo sọnù. Òmíràn pẹ́ bí ẹni tó ti Èkó bọ̀. Òmíràn kò padà wá rí.

Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Bákan náà ni. Ohùn mi kò tíì jáde nílé Ẹ̀gbọ́n Wásíù tó ti ń sọnù. Mo ti lé arúgbó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo ti gbé e sórí ọ̀kadà, mo ti bú àbúrò mi, mo ti bú ìjọba, mo ti bú gbogbo òpó tí wọ́n rì láti Fìdítì dé Ọ̀yọ́. Ilé tí mo ń sanwó rẹ̀ ní ìlú tí nǹkan kì í ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Mo gbé kọ̀ǹpútà gòkè. Ẹ̀gbọ́n Wásíù ń jẹun níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo béèrè ibi tí ráútà wà, wọ́n fi kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan hàn mí ní igun yàrá. Ẹni tó gbé yàrá mi ṣáájú mi ni wọ́n ní ó máa ń fọwọ́ kan ráútà náà ṣáá, ni wọ́n fi ra kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé e sínú rẹ̀, wọ́n sì tì í pa. Mo ní mo ti kà á pé íńtánẹ́ẹ̀tì aláìníwáyà kì í fẹ́ràn irin, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣí i kí n wò ó. Wọ́n bi mí bóyá ilẹ̀kùn lè dí ohun tí kò lára lọ́wọ́. Wọ́n ṣí i kí wọ́n lè fi hàn mí pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn ìránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, wéréwéré, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ̀gbọ́n Wásíù tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn náà, àwọn ìránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Wọ́n ṣí i, àwọn ìránṣẹ́ padà. Wọ́n tún tì í, wọ́n tún ṣí i. Mo rò pé wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa jiyàn ni.

Wọ́n jókòó sẹ́bàá ibùsùn wọn. Wọ́n ní kọ́bọ́ọ̀dù yìí ti wà níbẹ̀ kí ìyá àwọn tó kú. Wọ́n ní ìyá náà, ní Jobele, bí àwọn bá pè é, ohun tó máa ń sọ kò ju "Wásíù, mi ò gbọ́ ọ" lọ. Àwọn á ní nẹ́tíwọ̀kì yín ni, Màmá. Ó sú àwọn. Àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá, ọdún nìkan ni àwọn ń pè. "Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ tún ìlú wọn ṣe," wọ́n wí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dìde, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ wọn lọ sí kíṣìnì, wọ́n da ìyókù nù.

Mo ti wá bá wọn jà tẹ́lẹ̀. Ìjà náà kúrò lára mi. Àwa méjèèjì wá láti ojú ọ̀nà kan náà, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́ wa, a sì gbà á gbọ́ ju àwọn tó kọ́ wa lọ. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wáyà gígùn kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n má gbẹ́kẹ̀ lé ti ojú atẹ́gùn mọ́ rárá. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, a jọ ki wáyà náà bọ inú ihò tí páìpù omi gbà, mo fà á láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń tì í láti òkè, títí ó fi dé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà mi. Mo rán ìránṣẹ́ sí ráútà, gbogbo wọn padà. Mo rán wọn sí Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn padà. Mo rán wọn sí Èkó, ó gba àkókò díẹ̀ nítorí pé ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò sọnù. N kò ní parọ́, inú mi dùn débi pé mo jó níbẹ̀ láìsí ìlù. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo tíì tún ṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wẹ̀, mo múra bí ẹni tó ń lọ sóde. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ. N óò sọ fún Bàbá pé kì í ṣe ẹnu mi, ilé tí mo ń gbé ni. N óò kúnlẹ̀, wọn á sì rí i. Bí wọ́n bá ṣàdúrà ẹyọ kan péré, n óò ṣe Àmín sí i kí wọ́n tó pa ẹnu dé.

Mo fi kọ̀ǹpútà pè wọ́n, Sùlíyá gbé e. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ ilé wa. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gbálẹ̀ nínú àgbàlá. Mo gbọ́ ewúrẹ́. Mo gbọ́ tẹ̀súbà Bàbá, bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń kan ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Sùlíyá, ó ti dára. Mo ti tún un ṣe. Gbé e fún Bàbá."

Ó ní kí n dúró. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó rìn lọ bá wọn. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá ti kúrò nídìí fóònù báyìí, ariwo wẹ́wẹ́ ni mo máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ fún Bàbá pé Ẹ̀gbọ́n òun ni, pé nẹ́tíwọ̀kì ti dára, pé kí wọ́n jọ̀ọ́. Tẹ̀súbà dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi, gbogbo rẹ̀ pé, ohunkóhun kò já níbẹ̀, kò pẹ́ lọ́nà.

"Sọ fún un pé mo ti sùn."

Sùlíyá padà sídìí fóònù. Ó mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ti sùn o." N kò dáhùn, ó sì rò pé ó ti já. "Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mo ní mò ń gbọ́ ọ dáadáa.